Iṣẹ́ Wo Ni Ológbò Yín Ń Ṣe?

Bí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo fún ẹran tí èèyàn ń sìn torí pé ó kàn fẹ́ràn rẹ̀, ẹ óò wá a títí. Ẹran ọ̀sìn ni ewúrẹ́, ẹran ọ̀sìn ni adìẹ, ajá àti ológbò náà sì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń wo ológbò bó ṣe ń wo ewúrẹ́. Ewúrẹ́, ọjọ́ tí wọ́n máa pa á tàbí tí wọ́n máa tà á la ń retí. Ológbò ńkọ́? A ti rí ibi tí àwọn kan ti pè é ní ẹran àmúṣeré. A ò bá ọ̀rọ̀ náà jà o, ṣùgbọ́n ká ní a sọ ọ́ létí ìyá ìyá wa l'Óǹdó ni, wọ́n á bi wá pé ta ló ráyè ń fi ológbò ṣeré. Ológbò ń ṣiṣẹ́. Ajá ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò bá ń ṣiṣẹ́ nínú agboolé nígbà yẹn, ọmọ ọwọ́ ni tàbí aláìsàn.

Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ sì fi hàn pé iṣẹ́ ló mú ológbò wọ ilé èèyàn níbi gbogbo láyé. Baba ńlá ológbò ilé ni ológbò igbó kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Felis lybica, tó ṣì ń gbé nínú pápá ilẹ̀ Áfíríkà àti ìwọ̀-oòrùn Éṣíà títí dòní. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkà sínú àká, eku wá jẹ ọkà, ológbò wá jẹ eku. Kò sẹ́ni tó fi okùn fà á wálé. Ní 2004, àwọn awalẹ̀pìtàn kéde pé àwọn rí egungun ológbò kan ní erékùṣù Cyprus, tí wọ́n sin sí ẹ̀gbẹ́ òkú èèyàn ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. Ológbò kì í ṣe ẹran ìbílẹ̀ erékùṣù yẹn, torí náà ọkọ̀ ojú omi ló gbé e débẹ̀, ẹnì kan ló sì gbé e sínú ọkọ̀. Àwọn ará Íjíbítì tiẹ̀ bá a débi pé wọ́n ní òrìṣà olórí ológbò tí wọ́n ń pè ní Bastet. Yorùbá ò bá a débẹ̀. Orúkọ mẹ́ta la fún un, ológbò, ológìnní, músù, a sì ní kó máa lọ síbi àká. (Músù yìí jọ muzuru tí àwọn Hausa ń pe akọ ológbò. Òun la sì ń gbọ́ jù nílé bàbá wa n'Ìwó.)

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, àwa mẹ́rin tí ìyá wa bí pinnu pé ká ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ẹran tó ti bá ìdílé wa gbé láti ìgbà àwọn òbí àgbà. Méjì nínú wa ń fi kódù kíkọ jẹun, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń kọ kódù kò ní rí nǹkan tó pọ̀ kó má fẹ́ tò ó sínú tábìlì. A ya òpó márùn-ún lórí Google Sheets: orúkọ, ọdún, ẹni tó mú un wálé, iṣẹ́ tó ń ṣe, bó ṣe kú. A pe ìyá wa, a pe àwọn àǹtí l'Óǹdó, a pe àbúrò bàbá wa, ohun tí wọ́n bá ṣe ń sọ là ń tẹ̀. Ìlà tó jáde lé ní ogójì. Nígbà tí a wá tò ó ní ọdún sí ọdún, ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún wa lẹ́nu fara hàn: òpó iṣẹ́ kún láti òkè wá títí dé nǹkan bí 1990, lẹ́yìn ìyẹn ó ṣófo. Òpó ikú nìkan ni kò ṣófo níbì kankan.

Ìwó ni ìlà àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Alùfáà ni bàbá bàbá wa, wọ́n ń kọ́ ọmọ ní kéú, wọ́n sì ń dá oko àgbàdo. Àwọn ọmọ kéú ń fi wàláà onígi kàwé, àmọ́ bébà ni ìwé ti bàbá, bébà ló sì kàn tí eku bá ti jẹ àgbàdo yó. Nítorí náà ibi iṣẹ́ músù jẹ́ méjì, àká ní ọ̀sán, àpótí ìwé lóru. Bàbá kì í lé e kúrò lórí ẹní. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin. Omi tó bá mu kù, èèyàn lè fi ṣe àlùwàlá. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ Ànábì tí wọ́n gba hádíìsì púpọ̀ jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀, Abu Hurayra, ìtumọ̀ orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ni bàbá ọmọ ológbò. Ajá ni bàbá kì í jẹ́ kó wọ yàrá, torí ẹ̀kọ́ pé máléékà kì í wọ ilé tí ajá bá wà. Ajá ọdẹ, ajá oko àti ajá tó ń da ẹran ni wọ́n yọ̀ǹda. Ẹ ṣàkíyèsí i: kódà nínú òfin ẹ̀sìn, iṣẹ́ ló gba ajá sílẹ̀.

Wọn kì í ra músù, àbúrò bàbá wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ilé tí ológbò bá ti bímọ ni bàbá máa ń rán ọmọ lọ, pẹ̀lú igbá àgbàdo kan lọ́wọ́. Wọ́n á gbé ọmọ ológbò sínú àpò, ẹni tó gbé e á yí ara rẹ̀ po nígbà mẹ́ta níkòóríta kó má bàa mọ ọ̀nà padà. Bí ológbò wọn bá wá bímọ tirẹ̀, igbá àgbàdo á tún wọlé láti ilé ẹlòmíràn. A bi wọ́n pé ṣé owó ológbò ni àgbàdo yìí. Wọ́n ní rárá o, oúnjẹ tí eku ì bá jẹ ni.

Ìwó kan náà ni odídẹrẹ́ wà, ẹ sì mọ̀ pé a ò lè dárúkọ Ìwó ká má dárúkọ odídẹrẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá àgbà ni ó ni í. Ẹyẹ yìí gbọ́ ohùn bàbá títí tó fi ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ kéú pé "Ẹ gbé bútà wá!", àwọn ọmọ á sì sáré gbé omi àlùwàlá fún ẹni tí kò sí nílé. Iyẹ́ pupa ìdí rẹ̀, ìkóódẹ, kì í ṣe nǹkan yẹ̀yẹ́, òun ló wà lára adé ọba àti lórí ẹni tí wọ́n ń ṣe òrìṣà fún. Lónìí odídẹrẹ́ ti di ọ̀wọ́n nínú igbó wa. Ní 2016, níbi ìpàdé CITES tó wáyé ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè fi í sínú ìpele tó ga jù, wọ́n sì fòfin de títà á láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Nínú tábìlì wa, ìlà rẹ̀ kò ní ọjọ́ ikú. Ó fò lọ ni.

L'Óǹdó, nílé ìyá wa, ajá ló gba iwájú. Ọdẹ ni bàbá ìyá wa. Ṣaworo tí wọ́n so mọ́ ọrùn ajá ni wọ́n fi ń mọ ibi tó dé nínú igbó. Bí ẹran bá ṣubú, ajá ní ìpín tirẹ̀, wọn kì í sì í fi ìpín yẹn falẹ̀. A ní ajá tó bá lẹ́ni lẹ́yìn á pa ọ̀bọ. Bàbá máa ń yí i padà pé ọdẹ tó bá lájá níwájú ló ń jẹ ọ̀bọ. Àmọ́ Ògún ló ni ajá. Nígbà ọdún Ògún l'Óǹdó, ajá ni wọ́n ń fi bọ ọ́, ẹni tó bá rò pé ìfẹ́ nìkan ló wà láàárín Yorùbá àti ajá, kó lọ wo ojúbọ. Ìyá wa sọ pé ajá tó ń bá bàbá lọ sígbó kọ́ ni wọ́n ń fà kalẹ̀ nílé tiwọn, wọ́n ń ra òmíràn lọ́jà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í di ẹran ọdún.

Orúkọ àwọn ajá yìí la gbádùn jù nínú gbogbo àkọsílẹ̀ náà. Ìyá ìyá wa ni ìyàwó kẹta. Ajá tiwọn ń jẹ́ Ohuntójúrí, ti ìyáálé ń jẹ́ Talómọ̀la. Bí ìyáálé bá ti sọ̀rọ̀ tó dunni, ìyá á dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á lọgun: "Ohuntójúrí! Ohuntójúrí o! Máa bọ̀ wá jẹun!" Ajá á sáré dé, ìyáálé á sì ti gbọ́ pé ohun tí ojú ń rí, ẹnu ò lè sọ ọ́ tán. Kò ní pẹ́, ẹ óò gbọ́ láti yàrá kejì: "Talómọ̀la! Ṣé o ò gbọ́ ni?" Kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni. Ajá ni wọ́n ń pè. Àṣà yìí kì í ṣe ti ilé wa nìkan, ọ̀pọ̀ agboolé Yorùbá ló ti ń fi òwe àti àbọ̀ ọ̀rọ̀ sọ ajá lórúkọ, kí ajá lè bá olówó rẹ̀ sọ ohun tí kò ṣeé sọ lójú. Àbíkẹ́yìn wa kọ ọ́ sí òpó iṣẹ́ báyìí pé: "ọdẹ, ilé ṣíṣọ́, jíjẹ́ iṣẹ́ láàárín orogún". A ò pa á rẹ́.

Àwọn òbí wa kó dé Ìbàdàn ní 1977, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ogun abẹ́lé parí ní 1970, ìbọn ṣẹ́kù nílẹ̀, adigunjalè gbòde. Ní 1971 ìjọba ti ń yìnbọn pa wọ́n ní gbangba ní Bar Beach l'Ékòó, síbẹ̀ àwọn ará ìlú ò sùn fọkàn balẹ̀. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ ra ajá òyìnbó, wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára géètì. Bàbá wa ò lówó ajá òyìnbó, wọ́n ra ajá ìbílẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Jack, wọ́n sì kọ ìkìlọ̀ náà bákan náà. Kò sí òwe kankan nínú Jack. Ilé tuntun, ìyàwó kan, kò sí orogún tí ajá máa bá wí. Bàbá wa mú un lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, káàdì rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí ìwé. A mẹ́nu ba èyí torí pé abẹ́rẹ́ tó ń dènà dìgbòlugi ti wà fún èèyàn láti 1885, nígbà Louis Pasteur, síbẹ̀ ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ ṣì ń pa ọmọdé lónìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 èèyàn tó bá kó dìgbòlugi, nǹkan bí 99 ló ń kó o lára ajá.

Ẹyẹlé ìyá wa náà wà n'Ìbàdàn, nínú ilé onípákó lórí igi mẹ́rin. Wọ́n fẹ́ràn wọn torí òwe tó ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ìpọ́njú kó yẹrí. Ológbò ilé wa ò fẹ́ràn òwe yẹn tó bẹ́ẹ̀.

Ológbò yìí la fẹ́ dúró lé lórí. Abo ni, dúdú ni, Púsì la ń pè é. Ìyá wa ń ta ìrẹsì, ẹ̀wà àti èlùbọ́, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń kó o sí, Púsì ló sì ni yàrá náà. Lọ́dún 1991, ìyá wa ra àwọn dúrọ́ọ̀mù oníke tó ní ìdérí, wọ́n da gbogbo ọjà sínú wọn. Ní ọdún kan náà, ògùn eku wọ àdúgbò, àwọn ọmọ tó ń kiri á máa polówó rẹ̀ bí ẹni ń polówó ẹ̀kọ. Èlùbọ́ wà nínú ike, eku wà nínú ilẹ̀. Púsì kò ní nǹkan tó máa ṣe mọ́, ó wá ń jókòó lórí fẹ́ńsì.

Orí fẹ́ńsì yẹn ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ológbò tó bá wà nínú yàrá ìrẹsì, gbogbo ayé mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ológbò dúdú tó bá jókòó lórí fẹ́ńsì lóru, tó ń wo ojú fèrèsé oníle kejì, tí ojú rẹ̀ ń tàn, àwọn èèyàn á fún un ní iṣẹ́ mìíràn. Ìgbà yẹn náà ni fíìmù fídíò ń gbilẹ̀, ológbò tó ń di obìnrin kò sì ṣọ̀wọ́n nínú wọn. Ìyálé kejì lóyún, oyún náà sì bàjẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan la rí Púsì lẹ́nu géètì. A ò ní í sọ bí wọ́n ṣe pa á. Ìyá wa sin ín sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà, torí ẹni tó bá jà fún ológbò nígbà náà, òun náà ti di àjẹ́. Nínú òpó iṣẹ́, òun ni ẹni ìkẹyìn tí a rí nǹkan kọ sí.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní àjẹ́ inú ológbò kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, pé àwọn àgbà náà bẹ̀rù rẹ̀. Òótọ́ ni. Ohun tí a rí nínú àkọsílẹ̀ tiwa ni pé ìbẹ̀rù náà ti wà n'Ìwó àti l'Óǹdó, àmọ́ ebi burú ju ìbẹ̀rù lọ. Ẹni tí àká rẹ̀ kún kò ní pa ẹni tó ń ṣọ́ àká. Ìgbà tí àká di dúrọ́ọ̀mù ni ìbẹ̀rù dá wà.

Eku ńkọ́? Eku kò lọ. Ìlú tó bá gbàgbé eku, eku kì í gbàgbé rẹ̀. Ẹ bi Èkó. Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, èyí tí òyìnbó ń pè ní bubonic plague, bẹ́ sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó. Yọ̀rọ̀, kòkòrò kéékèèké tó ń fò lára eku, ló ń kó o ran èèyàn. Ó jà fún ọdún bíi mélòó kan, ó sì wà lára ohun tó mú kí ìjọba amúnisìn dá àjọ LEDB sílẹ̀ ní 1928, àjọ tó wá ń wó ilé onílé láti tún ìlú tò. Eku kékeré ló yí àwòrán ìlú Èkó padà.

Ní 1969 ni wọ́n dá ibà Lassa mọ̀, ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno òní. Eku kan tó ní ọmú púpọ̀ ló ń gbé e. Ó ń tọ̀ sínú oúnjẹ, ó ń yàgbẹ́ sórí gààrí tí a sá sẹ́bàá ọ̀nà, ẹni tó bá jẹ ẹ́ tàbí tó bá fọwọ́ kàn án lè kó àrùn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ilẹ̀ ìyá wa, wà lára ibi tí Lassa ti ń jà jù lọ ní Nàìjíríà. Ní 2018, ọdún tó jà gan-an, ọmọ àǹtí wa kan kú. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Nígbà tí a lọ bá wọn ṣọ̀fọ̀, a gbọ́ eku lórí àjà bí ẹni ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn ará ilé ní àwọn ò sin ológbò mọ́ láti ìgbà tí ẹnì kan ti gbàdúrà lé ilé náà, tó ní kí wọ́n lé e jáde.

A ò sọ pé ológbò ì bá gba ọmọ náà là. Kò sẹ́ni tó lè mọ ìyẹn, ológbò kan kò sì lè pa gbogbo eku ilé. Àmọ́ nígbà tí a délé, a ka ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí Lassa. Wọ́n ní kí á fi oúnjẹ sínú ohun tí eku kò lè wọ̀, kí á da ìdọ̀tí sí ibi tó jìnnà sílé, kí ilé mọ́ tónítóní, kí á sì máa sin ológbò. Ológbò wà níbẹ̀ gedegbe, láàárín àwọn iṣẹ́ ilé yòókù. Ìyá ìyá wa tí kò kàwé ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú wọn.

Ògùn eku ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi rọ́pò rẹ̀, a sì ní ẹjọ́ tiwa láti bá ògùn eku rò. Ológbò mẹ́ta ló kú nínú tábìlì wa láàárín 1998 sí 2015, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ eku tó ti jẹ májèlé. Ní 2019, NAFDAC tiẹ̀ fòfin de títa ìgò kékeré oògùn apakòkòrò dichlorvos, torí pé àwọn èèyàn ń mu ún. Ohun tí a rà kí eku lè kú nínú yàrá ọmọ wa ló ń bẹ nínú yàrá ọmọ wa.

L'Ékòó tí a wà báyìí, àǹtí wa àgbà ló ń sin ológbò, nínú ẹ̀sítéètì kan tí ìwé àdéhùn ilé rẹ̀ sọ pé ayálégbé kò gbọ́dọ̀ sin ẹranko kankan. Onílé mọ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Abo ni, aláwọ̀ eérú, ó ní oúnjẹ oníke tirẹ̀ àti ibùsùn, àwọn ọmọ sì ń fi fóònù yà á. Fún ọdún méjì ni òpó iṣẹ́ rẹ̀ fi ṣófo. Obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ kì í bá a pàdé lórí àtẹ̀gùn kó má ṣe "ẹ̀jẹ̀ Jésù".

Lóṣù Kejìlá tó kọjá, eku wọ inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò obìnrin náà, ó jẹ wáyà. Ó tún un ṣe. Eku tún jẹ ẹ́. Mẹkáníìkì ló sọ fún un pé kó wá ológbò. Ó gun òkè wá ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ yá mi ní ọmọ yín fún alẹ́ méjì péré." Àǹtí wa gbé e fún un. Alẹ́ márùn-ún ló lò níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá a padà, wọ́n dá a padà pẹ̀lú ẹja gbígbẹ mẹ́rin nínú ọ̀rá dúdú.